Ẹ̀dà àwòrán "Venetian Glass Workers" tí mo rà: férémù dára, dígí inú àwòrán ò dán

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un.

John Singer Sargent ló ya ojúlówó rẹ̀ láàárín 1880 sí 1882. Art Institute of Chicago, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Amẹ́ríkà, ló wà, mo sì ti dúró níwájú ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Venice, ìlú orí omi, ni, àmọ́ ẹ ò ní rí omi níbẹ̀, ẹ ò ní rí ààfin. Yàrá tó ṣókùnkùn ni, àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdì ìdì. Ọ̀pá wọ̀nyẹn ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ di ìlẹ̀kẹ̀.

Ọmọ oníìlẹ̀kẹ̀ ni mí, ìdí tí mo fi rà á nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ Venice wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò òyìnbó kó wá sílẹ̀ wa láyé ijọ́un. (Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa o. Wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Sargent.)

Férémù lágbára, ó sì dé láìfọ́. Àwọ̀ ni mo bá wọn jà sí. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ojúlówó, ẹ ò ní rí ọ̀pá dígí kankan: Sargent kàn fa búrọ́ọ̀ṣì wàrà-wàrà ni, ìlà funfun, ìlà bí eérú, òmíràn fẹ́ jọ ewé. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, dígí á máa dán yinrin. Lórí tèmi, gbogbo ìlà yẹn funfun bí ẹfun, òkùnkùn yàrá sì ti gbé àwọn tó wà lẹ́yìn mì. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní iná ilé mi ló fà á. Mo gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé lọ́sàn-án gangan, kò yí padà.

Mo fi han Màmá mi lórí fídíò. "Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń tà ni?" Mo ní rárá, ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Màmá ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà, wọ́n wò ó títí.

"Wọn ò wọ ìbọ̀wọ́. Dígí yẹn á ti gé wọn lọ́wọ́."