Great Circle Mapper: ó mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, wákàtí ni kì í sọ fúnra rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye kìlómítà tó wà láàárín pápákọ̀ òfuurufú méjì, Great Circle Mapper, ìyẹn ojú òpó gcmap.com, ni kó kọ́kọ́ yà sí. Ojú rẹ̀ ti gbó, kò dùn ún wò lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, ìṣirò rẹ̀ sì ṣeé gbára lé.

Kóòdù lẹ́tà mẹ́ta tí pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ni kí ẹ tẹ̀ sí i. Orúkọ ìlú ló ń kó bá àwọn èèyàn lórí àwọn ojú òpó míì: Lagos kan wà ní Pọ́túgà, London kan sì wà ní Kánádà. Ẹ tẹ LOS-LHR, ẹ ó rí nǹkan bí 5,000 kìlómítà láti Ìkẹjà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù. LOS-ABV, láti Èkó sí Àbújá, ń lọ bí 510. Ti ojú títì ju 700 lọ. Bí ìlà orí máàpù bá tẹ̀ bí ọrun, ẹ má rò pé ó ṣì í. Ayé ló rí rogodo.

Ẹ ṣọ́ máìlì o. Ti àwọn awakọ̀ bàálù jẹ́ kìlómítà 1.852, ti ojú títì jẹ́ 1.609. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù yóò jẹ́ 2,700 níbì kan, 3,100 níbòmíì, ọ̀nà kan náà sì ni.

Ní ti wákàtí, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀: ẹ fi 850 pín kìlómítà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú 30 kún un fún yíyí lórí ilẹ̀, gbígbéra àti bíbalẹ̀. Heathrow á jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 23. Àbújá, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 6. Ti tíkẹ́ẹ̀tì kì í jìnnà sí i. Níbi tí ìṣirò yìí ti ń yẹ̀ ni Amẹ́ríkà. Láti Èkó, JFK ní New York jẹ́ bí 8,440 kìlómítà, ìṣirò ní wákàtí 10 ààbọ̀, ṣùgbọ́n àlọ máa ń ju 11 lọ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí afẹ́fẹ́ líle tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lókè Àtìláńtíìkì. Àbọ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ń ti bàálù lẹ́yìn.

Aago ìlú tún wà níbẹ̀. Bàálù tó gbéra l'Ékòó ní 11:00 lóṣù Okúdù, tó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 17:30, wákàtí 6 ààbọ̀ ló lò. Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn kan náà á kọ 16:30, torí aago wọn ti fi wákàtí kan pẹ́ sí tiwa. Ẹni tó bá kàn yọ aago ìgbéra kúrò nínú aago ìdé á rò pé bàálù ti sáré sí i.

Máàpù yìí kò sì mọ̀ bí ìjọba bá ti ojú ọ̀run rẹ̀ pa. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Niger ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Ògún 2023, àwọn bàálù tó ń ti Yúróòpù bọ̀ ń rọ́ gba ọ̀nà ẹ̀bá. Ìlà LOS-LHR wà bó ṣe wà.