Linux Mint lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ mi: bí mo ṣe rí iṣẹ́ mi gbà padà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò kí ń sábà kọ irú nǹkan báyìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ní ní Sábó, Ìkòròdú níbí, ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, CV, òun ni mo fi ń jẹun, láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni mo sì ní.

Tuesday ni ẹnjiníà kan bá mi fi Windows tuntun sí i, ó gba ₦15,000. Òun fúnra ẹ̀ ló tàn án fún mi, mo kàn ń pa ìdérí ẹ̀ dé ni látìgbà náà. Alẹ́ Thursday, aago mẹ́sàn-án ti lù, ètò ìsìnkú ìyá kan ní Igbógbó wà lọ́wọ́ mi, àárọ̀ Friday ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e, ni iná bá lọ, bátìrì kú. Nígbà tí mo tún un tàn, ó ń bi mí ní páswọ́ọ̀dù tí mi ò mọ̀ rí láyé mi. Mo pe ẹnjiníà. Ó ní, "Àǹtí, èmi ni mo fi síbẹ̀. Ẹ gbé e wá ní Monday, kẹ́ ẹ mú ₦5,000 dání." Mo ní, "Brọ̀dá, ẹ ṣàánú mi, ẹ pè é sí mi létí." Ó ní, "Ẹ má bínú, àṣírí iṣẹ́ nìyẹn." Àṣírí iṣẹ́! Lórí láptọ́ọ̀pù tí mo fi owó àjọ rà!

Igbe mi ni ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa tó ń kàwé ní LASUSTECH gbọ́ tó fi yọjú. Ó yọ fúláàṣì dúdú kékeré kan lápò, ó ní, "Ẹ jókòó, mà, a ò ní fọwọ́ kan Windows yẹn rárá, inú fúláàṣì yìí la máa gbà wọlé." Ó pa á, ó tàn án, ó ń tẹ F12 léraléra, kò pẹ́ ni ojú kọ̀ǹpútà yí padà. Ó ṣí fódà kan, ó ṣí òmíì, mo rí fọ́tò ìyá náà pẹ̀lú gèlè lórí, ojú ewé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé pérépéré. Omi bọ́ lójú mi.

Mo ní kí lèyí, ó ní Linux Mint ni, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows, orí Linux ni wọ́n sì kọ́ ọ lé. Mo ní eélòó, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ó ṣàlàyé pé ọmọ Fíńláǹdì kan, Linus Torvalds, ló bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991 nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì, tó ṣí inú ẹ̀ sílẹ̀ káwọn èèyàn máa bá a ṣe é, pé Linux yẹn náà ló wà nísàlẹ̀ Android tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹni tó bá fẹ́ lè wo inú ẹ̀, kó tún un ṣe, kó dà á kọ fún ẹlòmíì, àmọ́ tó o bá pín èyí tó o tún ṣe, o ò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ. Mo ní ọ̀wẹ̀ nìyẹn.

Kíbọ́ọ̀dù ló wá pa mí pátápátá. Lábẹ́ Nigeria, mo rí Hausa, mo rí Igbo, mo rí Yoruba! Tẹ́lẹ̀, báírò ni mo fi ń fi àmì sí ìdí ẹ àti ọ lẹ́yìn tí mo bá tẹ̀wé tán, igba ẹ̀dà nígbà míì, títí ọwọ́ á fi máa ro mí. Lálẹ́ yẹn mo tẹ orin ìsìnkú pẹ̀lú àmì lórí LibreOffice, ohun ìkọ̀wé bíi Word tó wà nínú ẹ̀.

Àmọ́ pírńtà ò dáhùn o. Aago márùn-ún ìdájí ni mo sọ iṣẹ́ náà di PDF, mo sáré lọ kanlẹ̀kùn obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù bíi tèmi, òun ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ yẹn ní òun ń bọ̀ ní Saturday wá fi Mint síbẹ̀ pátápátá, kò wá, fóònù ẹ̀ ò lọ, inú bí mi gan-an. Àárín ìyẹn kọ́sítọ́mà kan gbé CV tó fi Word ṣe wá, LibreOffice tú tébù inú ẹ̀ ká, ó pòṣé, ó gba ibòmíì lọ. Ìyẹn dùn mí.

Ìrọ̀lẹ́ Sunday ló dé. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ìdánwò ni." Ó jókòó láti aago márùn-ún dé mẹ́jọ, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ funfun sórí ojú dúdú, ó ní kí n máa kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé èsáìsì. Nígbà tó kan páswọ́ọ̀dù, ó ti láptọ́ọ̀pù sọ́dọ̀ mi, ó yíjú sí ògiri títí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán. Mo na ₦5,000 sí i, ₦1,000 owó dátà ló mú, ó ní tẹ́nìkan bá béèrè, kí n dà á kọ fún un.

Máàkì tí mo fún Mint: 5 nínú 5. Pírńtà ti ń dáhùn báyìí, àmọ́ ojú kan ṣoṣo ló ń tẹ̀, tébù Word sì ṣì ń tú. Obìnrin tó bá mi tẹ̀wé ní Friday, mo ti da Mint kọ fún un, mo sì fi gbogbo fáìlì ètò ìsìnkú mi tí mi ò kí ń jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí kún un. Ẹni tó bá wà ní Sábó tàbí Àgírìkì, kó mú fúláàṣì 8GB wá, àmọ́ kó má wá ní Friday, iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́jọ́ yẹn.