Ọ̀bẹ abẹ́ omi tí alágbẹ̀dẹ Oǹdó rọ fún mi

Iṣẹ́ mi ni kí n mòòkùn lọ gé àwọ̀n àti okùn tó bá wé mọ́ fáànù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ní agbègbè Igbókọ̀dá. Omi ibẹ̀ dúdú, ọwọ́ ni mo fi ń ríran nísàlẹ̀. Ọ̀bẹ sítéènìlẹ́ẹ̀sì tí mo rà lọ́jà ni mò ń lò tẹ́lẹ̀. Kò dípẹtà rí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Màá máa fi rẹ́ okùn náílọ̀nù títí èémí á fi fẹ́ẹ̀ tán nínú mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wọkọ̀ gba Òkìtìpupa àti Ọ̀rẹ̀ lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní Oǹdó.

Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi rọ èyí tó le jù."

Wọ́n ní, "Ṣé o máa fi hú nǹkan tó bá há? Ọmọ mi, tó bá le jù, kíkán ló máa kán."

Mi ò gbà. Wọ́n fi irin sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ ọ́, wọ́n fín iná sí i títí ó fi pọ́n, tí mágínẹ́ẹ̀tì ò fà á mọ́, wọ́n sì rì í sínú ọ́ìlì. Fáìlì kò ràn án, ṣe ló ń yọ̀ lórí rẹ̀. Inú mi dùn. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ki ṣóńṣó rẹ̀ bọ abẹ́ okùn tó há, mo tẹ̀ ẹ́, ó dá pẹ́kẹ́.

Mo gbé e padà. Bàbá ò bá mi wí. Wọ́n fọ ojú rẹ̀ dán, wọ́n gbé e lé irin gbígbóná kí líle rẹ̀ lè dín kù, wọ́n ní kí n máa wo àwọ̀. Ó kọ́kọ́ rí bíi koríko gbígbẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó di àlùkò, ó wá di aró. Bó ṣe di aró ni wọ́n gbé e kúrò. Lórí òṣùwọ̀n Rockwell, tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe le tó, fáìlì a máa ju 60 lọ. Irin sípíríǹgì tí wọ́n yan dé aró báyìí kì í jìnnà sí 50 sí 55. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ ọ̀bẹ abẹ́ omi. Mò ń pọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìyẹn ò ni mí lára rárá.

Wọn ò tún ṣóńṣó tó kán fà gùn. Wọ́n gé e pẹrẹsẹ bí ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì: ó dára fún híhú, kò sì ní gún mi nítan nínú òkùnkùn. Wọ́n fi fáìlì gbẹ́ eyín méje sí ẹ̀gbẹ́ èèkù, eyín yìí ló ń já okùn tó nípọn. Irin náà gba inú èèkù já dé ìdí, okùn náílọ̀nù ni wọ́n sì wé e, torí igi a máa wú tómi bá wọ̀ ọ́.

Àkọ̀ awọ tí wọ́n fi lé e nìkan ni mi ò fẹ́. Awọ a máa mu omi iyọ̀ pamọ́, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èmi fúnra mi yan páìpù omi oníke, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀bẹ náà, mo sì fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ dè é mọ́ ojúgun. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo máa ń fi omi kànga ṣàn án, màá nù ún gbẹ, màá fi òróró àgbọn pa á.

₦24,000 ni mo san. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí àtúnṣe.