Máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún: iṣẹ́ àwọn tó wá wo ipa omi ẹ̀rọ wa lára ẹranko ní Kétu

Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi ní abúlé wa, ní agbègbè Kétu nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ aṣèwádìí kan, kí wọ́n bá wa wò bóyá omi tí a fẹ́ máa fà láti odò Ouémé yóò ṣe àwọn ẹranko tó ń tán lọ ní jàǹbá. Mi ò ní dárúkọ wọn; àwọn tó ṣì máa gbé irú iṣẹ́ yìí síta ni mo ń kọ̀wé sí. Ilẹ̀ Kétu ga, omi inú ilẹ̀ rẹ̀ jìn, kò sì sí ìyá kan ládùúgbò wa tí ọrùn rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n garawa, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí omi má wá. Ṣùgbọ́n òfin àyíká ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó jáde ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1999, ti là á sílẹ̀ pé kí a wádìí ohun tó lè tẹ̀yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Agence Béninoise pour l'Environnement, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àyíká, ló sì ń yẹ ìjábọ̀ náà wò.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán wá kò kọ́kọ́ mú àwòrán jáde. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá ọdẹ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹran wo ni ẹ máa ń rí tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò rí mọ́?" Bàbá ronú díẹ̀, ó ní, "Akíka ni, ọmọ mi. Nígbà tí mo fẹ́ ìyàwó àkọ́fẹ́, ìdí ọ̀gán la ti máa ń bá a. Èyí tí mo rí kẹ́yìn ti tó ọdún mẹ́rin." Ẹ̀yìn èyí ni ọmọ náà wá tẹ́ àwòrán sílẹ̀, ó sì há àwọn ẹranko tí kò sí nílẹ̀ wa rárá sáàárín wọn, kí ó lè mọ ẹni tó kàn ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀bọ olójú dúdú kan tí wọ́n ń pè ní drill, bàbá fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn: "Èyí kì í ṣe ará ibí."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ìlà-oòrùn odò Cross ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti erékùṣù Bioko nìkan ni drill ń gbé. Síbẹ̀, nígbà tí ìjábọ̀ dé, drill wà nínú tábìlì àwọn ẹranko wa, ṣùgbọ́n ọ̀bọ oníkùn pupa, tí kò sí níbòmíràn ju Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, tí igbó Lama sì jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí a ti mọ̀ ọ́n jù, kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ti da tábìlì iṣẹ́ ibòmíràn kọ, kò sì bi ọmọ tó lọ sóko léèrè. Akíka wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ipò àtijọ́ ni wọ́n kọ fún un. Láti 2019 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹranko tó ń tán lọ, ti gbé e lọ sí ìpele àwọn tó wà nínú ewu àtiparun. Igún kékeré tó máa ń rà bàbà lókè ọjà ni wọ́n kọ dáadáa: láti 2015 ló ti wà ní ìpele tó kángun sí àtiparun nínú igbó. Àwọn àgbà ka pípa igún léèwọ̀, síbẹ̀ ẹ ó bá orí rẹ̀ lórí àtẹ àwọn tó ń ta èlò oògùn.

Ẹ̀bi tó tóbi jù ni àkókò. Oṣù kẹwàá ni wọ́n wá ka ẹranko odò, nígbà tí Ouémé kún bo etí, tí omi wà níbi gbogbo, tí ẹranko sì ti fọ́n ká. Wọ́n kọ ọ́ pé "ipa náà kéré". Ẹ̀ẹ̀rùn ni pọ́ǹpù yóò pa ẹranko lára, nígbà tí odò bá fà sẹ́yìn tó sì ku àwọn ibú díẹ̀ tí erinmi àti ọ̀nì ń sá sí. Nítorí pé wọn kò rí ohun tó yẹ kí wọ́n yẹra fún, wọ́n fò lọ sí ohun tí a ó fi dípò ohun tó bá bàjẹ́: wọ́n ní kí a gbin igi. Igi dára, ṣùgbọ́n erinmi kì í wẹ̀ nínú òjìji.

A kọ̀wé sí wọn. Wọ́n padà wá ní oṣù kẹta fún ọjọ́ mẹ́rin, owó epo ọ̀kadà nìkan ni wọ́n gbà. Ní ọjọ́ kejì, ipasẹ̀ erinmi tútù wà nínú ẹrẹ̀, kò jìnnà síbi tí wọ́n ti fẹ́ kí ẹnu pọ́ǹpù wà. Wọ́n sún ẹnu pọ́ǹpù kúrò níbi ibú náà, wọ́n sì fi ìlà pupa sí òpó kan nínú odò: tí omi bá ti lọ sísàlẹ̀ ìlà, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ dín fífà kù. Wọ́n tún ní kí a máa bo kòtò páìpù lọ́jọ́ tí a bá gbẹ́ ẹ, tàbí kí a dà á ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ahun tó bá já sínú rẹ̀ lóru lè rìn jáde. Mo gbà pé ìmọ̀ràn yìí nìkan tó ìdajì owó wa.

Àkópọ̀ Yorùbá tí wọ́n ṣe fún ìpàdé ìlú pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì pe àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ní "ẹranko eléwu". Ìyá àgbà kan dìde, ó bèèrè pé kí ni akíka ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ tó kúnlẹ̀ fún bàbá ọdẹ ló tọrọ àforíjì, tó gba bírò, tó sì tún un kọ lójú gbogbo wa. Tí ẹ bá gbé irú iṣẹ́ yìí síta, ẹ ní kí wọ́n rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, kí ẹ sì kọ oṣù tí wọn yóò wá sínú àdéhùn.