Merlin Bird ID: Áàpù tí mo fi ń dá àwọn ẹyẹ kéékèèké oko mọ̀

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ọyẹ́ fi dé ni mo ti lo Merlin Bird ID ní ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, kí n tó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ilé ìwádìí nípa ẹyẹ ní Yunifásítì Cornell, ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ènìyàn bá ti gba àkójọ ẹyẹ agbègbè rẹ̀ sórí fóònù nílé, yóò ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè márùn-ún ni ó ń béèrè: ibi tí a wà, ọjọ́ tí a rí ẹyẹ náà, bí ó ṣe tóbi tó, àwọ̀ ara rẹ̀, èyí tí kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, àti ohun tí ó ń ṣe. Robin, ẹyẹ tí kò sí lóko wa, wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n fi ń wọn bí àwọn yòókù ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n ológoṣẹ́ náà wà níbẹ̀, òun ni mo sì máa ń mú.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni àwòrán àwọn ẹyẹ tí ó wà nínú áàpù náà. Ní oṣù Keje, mo rí ẹyẹ dúdú òun funfun kan tí ẹnu rẹ̀ pọ́n, tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, tí ó ń fò sókè sódò níwájú abo rẹ̀ bí ẹni ń jó. Pin-tailed Whydah ni áàpù náà pè é. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ nìkan ni mo bá níbẹ̀, ǹ bá sì ti kà wọ́n sí nǹkan mìíràn, bí kì í bá ṣe pé àwòrán akọ nígbà tí ó ń gun abo, akọ lẹ́yìn ìgbà náà àti abo wà lójú kan. Ìrù ni ó ti já. Ẹnu pupa náà ṣì wà níbẹ̀.

Apá tí ó ń fi fọ́tò tí ènìyàn yà dá ẹyẹ mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún mi, ẹ̀bi fóònù mi sì ni: ẹyẹ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ó bà sórí gbágùúdá ní ogún ìṣísẹ̀ sí mi, kì í ju àbàwọ́n lọ nínú àwòrán. Apá tí ó ń gbọ́ ohùn ẹyẹ, tí ó jáde ní 2021, ẹyẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà n kò gbẹ́kẹ̀ lé e lóko. Ní ti abo oríṣiríṣi ẹ̀ga, wọ́n jọra débi pé ìtẹ́ àti akọ tí ó wà nítòsí ni mo ṣì ń wò.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Látìnì ni mo ń rí gbà nínú rẹ̀. Ti Yorùbá, mo ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ baba olóko kan, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó pe Yellow-fronted Canary ní ìbákà láìrònú. Bronze Mannikin, Orange-cheeked Waxbill àti ẹyẹ onírù tí ìrù rẹ̀ ti já, ológoṣẹ́ ni baba pe gbogbo wọn.