Ọrùn Onísíkúrúù Tàbí Ọrùn Àlàjá: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Kí Wọ́n Kan Jìtá Báàsì fún Òun

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kan jìtá báàsì fún òun ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè irú igi tí wọn yóò fi ṣe ara rẹ̀ àti ọ̀dà tí wọn yóò fi kùn ún. Ọ̀rọ̀ ọrùn ló yẹ kó ṣáájú, nítorí ọrùn ni okùn ń fà tọ̀sán-tòru. Lórí báàsì tí okùn rẹ̀ gùn tó ínṣì 34, okùn mẹ́rin ti E, A, D àti G ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó ju ìwọ̀n kílò 70 lọ. Bí ọrùn bá sì ti yí, igi olówó ńlá tó wà lára kò lè gbà á sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà so ọrùn mọ́ ara. Èkíní ni ti onísíkúrúù, tí Leo Fender, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe jìtá, lò fún báàsì rẹ̀ tó ń jẹ́ Precision Bass ní ọdún 1951: wọ́n á gbẹ́ ọrùn lọ́tọ̀, wọ́n á gbẹ́ àyè rẹ̀ sí ara, wọ́n á sì fi síkúrúù mẹ́rin dè wọ́n pọ̀ láti ẹ̀yìn. Èkejì ni ọrùn àlàjá, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Rickenbacker lò fún báàsì 4000 rẹ̀ ní 1957, níbi tí ọrùn ti la àárín jìtá já láti orí dé ìdí, tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ara mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì.

Ọrùn àlàjá rẹwà, n kò jiyàn rẹ̀. Kò sí kókó igi níbi tí ọrùn ti pàdé ara, nítorí náà ọwọ́ á yọ́ lọ sí àwọn fírẹ́ẹ̀tì (irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn) ìsàlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó ń ta sólò púpọ̀ yóò mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gba pákó gígùn tó tọ́ gan-an, ó ń pẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ga, torí pé àṣìṣe kan ṣoṣo lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ọrùn onísíkúrúù bá yí, ẹ óò tú síkúrúù mẹ́rin, wọ́n á sì gbẹ́ òmíràn fún yín. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ohùn àlàjá máa ń pẹ́ kó tó kú, àmọ́ ìyàtọ̀ tí etí mi gbọ́ kò tó iye tí wọ́n ń gbà lé e.

Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Àlàjá ni mo kọ́kọ́ kàn. Ẹni tó ta pákó fún mi ní ó ti gbẹ, èmi náà kò sì fi í sílẹ̀ nínú ilé fún oṣù bíi mélòó kan kí n tó gbé ayùn lé e. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ọrùn náà lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún, okùn G sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu fírẹ́ẹ̀tì. Kò sí bí mo ṣe lè yọ ọ́ kúrò. Ara tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fá títí ó fi ń dán bá a lọ.

Fún ọrùn, ẹ béèrè fún maple, igi òkè òkun tó le, tó sì gbẹ dáadáa, kí ọ̀pá irin tí a fi ń tún un nà sì wà nínú rẹ̀. Fún ara, áfárá ni mo fi ṣíwájú. Igi ilẹ̀ wa ni, ó ń gbọ́ràn sí ayùn lẹ́nu. Òun náà ni ilé iṣẹ́ Gibson pè ní Korina nígbà tó fi kan jìtá Flying V ní 1958. Ọ̀gànwó dára pẹ̀lú, pupa rẹ̀ kò sì nílò ọ̀dà. Ìrókò lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo fún ẹni tí yóò gbé báàsì kọ́ èjìká láti alẹ́ dé ìdájí ní òde àríyá, eruku rẹ̀ sì máa ń yún ara.

Ní ti píkọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun tó ń gba ìró okùn lọ sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè, irú P (ti Precision Bass) tó pín sí méjì láti 1957 kì í kùn, ohùn rẹ̀ sì ki, ó ń jókòó sábẹ́ ìlù jùjú dáadáa. Irú J (ti Jazz Bass) ti 1960 jẹ́ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń jẹ́ kí ìka hàn ketekete, ṣùgbọ́n ó lè kùn bí ẹ bá yí ọ̀kan sílẹ̀ ju èkejì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó ń lo bátìrì fólìtì 9, ẹ ní kí wọ́n fi bọ́tìnnì tí yóò jẹ́ kó dún láìsí bátìrì sí i.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ tẹ okùn E mọ́ fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àárín: àyè tó wà láàárín okùn àti fírẹ́ẹ̀tì keje kò gbọdọ̀ ju nínípọn káàdì ìpè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ọrùn láti eegun tó gbé okùn ró lókè dé fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Lórí báàsì ínṣì 34, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 17 géérégé. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má san owó tó kù, nítorí kò sí bí ẹ ṣe lè tún okùn ṣe tí ohùn rẹ̀ yóò fi bá ti àwọn yòókù mu.