Ife onírin tí kì í làágùn: ẹ má rà á nínú ọyẹ́ láìdán an wò

Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn. Orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni ife omi mi máa ń wà, torí omi tí kò tutù kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi lọ́sàn-án. Lọ́dún tó kọjá, ife tí mo gbé kalẹ̀ kán omi sára sílíkì funfun tí ìyàwó ojú ọ̀nà kan gbé wá. Omi náà gbẹ, àmì rẹ̀ ò lọ. Èmi ni mo fowó ara mi ra yáàdì méjì mìíràn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe ife gíláàsì. Ife onírin ni, wọ́n sì tà á fún mi pé irú èyí tí kì í làágùn ni. Oṣù Kìíní ni mo rà á, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an. Mo da yìnyín sí i, mo fọwọ́ pa á lára, ó gbẹ táútáú. Kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí mi ò yìn ín fún. Nígbà tí òjò dé lóṣù Kẹrin, ọmọṣẹ́ mi ké sí mi: "Ọ̀gá, ife yín ń jò o!" Mo yí ìdí rẹ̀ wò, mi ò rí ihò kankan.

Kò jò. Omi tó ń wà lára ife tútù kì í ti inú ife wá. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wá, bí ìrì ṣe ń sẹ̀ sórí koríko láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé omi tí ojú wa ò rí kiri. Tó bá kan ohun tó tutù tó, omi náà á di ẹ̀kán síbẹ̀. Lásìkò òjò, bí afẹ́fẹ́ bá gbóná tó 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ tó ìdá 75 nínú 100, ohunkóhun tí ara rẹ̀ bá ti tutù ju nǹkan bíi 25°C lọ ni yóò làágùn. Nínú ọyẹ́, tí ọ̀rinrin bá já wálẹ̀ sí ìdá 20, ó ní láti tutù tó nǹkan bíi 5°C kó tó làágùn. Bẹ́ẹ̀ ni ife onírin kan ṣoṣo, tí kò ní inú méjì, ṣe tàn mí jẹ.

Èyí tí mo ń lò báyìí gba omi tó nǹkan bíi 890 mílílítà. Irin méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ àárín wọn jáde. Òfìfo yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ooru ìta kò rí ohun tó máa gbé e kọjá dé ìdí yìnyín, nítorí náà bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe gbóná ni irin òde ṣe ń gbóná, ìrì ò sì ríbi sẹ̀ sí. James Dewar, ọmọ Scotland, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1892, láti fi tọ́jú àwọn gáàsì tí wọ́n mú tutù títí tí wọ́n fi di olómi. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti fúláàsì tíì tó wà nílé gbogbo wa.

Kí n tó rà á, mo gbé omi gbígbóná lọ sí Dùgbẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n da díẹ̀ sínú wọn." Ife mẹ́ta la tò, a dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Méjì gbóná débi tí mi ò lè dì wọ́n mú. Ẹ̀kẹta, àfi bíi pé nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀. Ìyá náà fọwọ́ kàn án, ó yà á lẹ́nu, torí iye kan náà ló ń ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òjò oṣù méjì ni mo ti fi lò ó. Bí mo bá kó yìnyín sí i ní aago méje àárọ̀, ó ṣì máa ń dún nínú rẹ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo gbé e lé orí ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí, bírò ò ṣàn.

Ìdérí rẹ̀ ni mi ò fẹ́ràn. Rọ́bà lásán ni, omi díẹ̀ máa ń gbà á lójú. Ẹnu ife pàápàá, níbi tí irin méjèèjì ti pàdé, máa ń ní ọ̀rinrin tín-ínrín tí mo ń fi àkísà nù. Ihò sítírọ́ọ̀ ló burú jù: bí ife bá ṣubú, omi á dà, aṣọ oníaṣọ ló sì máa dà sí. Mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Ẹ má gbé e sínú fìrísà, torí omi tó bá dì á fẹ̀, ó sì lè ba irin inú jẹ́. Ẹ má jẹ́ kó já lulẹ̀. Bí tèmi bá làágùn láti ìdí dé ẹnu lọ́jọ́ kan, á jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ àárín rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó lè tún un ṣe, ọjọ́ náà ló sì máa kúrò lórí tábìlì mi.